Bí R bá dákẹ́, bi òjò Ifẹ̀ léèrè kí o tó gbà á gbọ́

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní dátà òjò Ilé-Ifẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ, oṣooṣù, láti 1991 dé 2020. O sọ ọ́ di fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín kọ́lọ́mù rẹ̀) láti inú Excel, o kó o wọ inú R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, o ní kó sọ iye òjò di nọ́ńbà, R sì kìlọ̀ fún ọ pé "NAs introduced by coercion", ìyẹn ni pé ohun tí kò lè sọ di nọ́ńbà ti di NA, àlàfo. O wá fi na.omit gbá gbogbo ìlà tó ní NA dànù, ìkìlọ̀ náà lọ, ìlà 353 ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tó jáde, oṣù kejì ni òjò ń rọ̀ gidi ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn. O sì ń béèrè bóyá kí o yọ R kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o tún un gbé síbẹ̀.

Má yọ ọ́. Kò sí ohun tó ṣe R. Ìkìlọ̀ tó kọ́kọ́ jáde yẹn ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni, ibi tí o ti pa á lẹ́nu mọ́ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún irú dátà báyìí ṣe, níhìn-ín ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà, mi ò sì rí i kí àṣìṣe tó pariwo ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Èyí tó wọlé wọ́ọ́rọ́ láìsọ ohunkóhun ló ń bà á jẹ́.

Ka iye wò. Ọgbọ̀n ọdún ní oṣù méjìlá-méjìlá, 360 ni. Tí 353 bá ṣẹ́kù, méje ti lọ. Àṣẹ tó ń jẹ́ ts, tí o fi to àwọn iye náà ní oṣooṣù, kì í wo ọjọ́ tó wà nínú fáìlì rẹ rárá. Ohun tí o bá sọ fún un pé start = c(1991, 1), frequency = 12, òun nìkan ló mọ̀. Ṣe ló máa ń sin àwọn iye náà bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn: àkọ́kọ́ fún oṣù kìn-ín-ní, èkejì fún oṣù kejì, títí wọn yóò fi tán. Bí o bá yọ ọ̀kan láàárín, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò fi oṣù kan ṣáájú àyè rẹ̀. Nígbà tí o fi yọ méje, òjò oṣù kẹsàn-án ti lọ jókòó sórí oṣù kejì. Tẹ èyí wò (ojo_ts ni ohun tí ts gbé jáde fún ọ):

end(ojo_ts)

Yóò dá ọ lóhùn pé 2020 5, bẹ́ẹ̀ oṣù kejìlá 2020 ni àkọsílẹ̀ rẹ parí sí. R kò kìlọ̀ nípa ìyẹn, nítorí lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó burú.

Wàyí o, kí ni méje tó lọ náà? Ibí yìí ni kí o ti lo àkókò rẹ. Tún fáìlì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì ní kí R mú gbogbo rẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ yí nǹkan kan padà:

ojo <- read.csv("ojo_ife.csv", colClasses = "character", fileEncoding = "UTF-8-BOM")

Apá tó kẹ́yìn yẹn wà fún àwọn fáìlì tí Excel máa ń fi àmì kan tí a kì í rí síwájú wọn. Bí o bá ti rí i rí kí orúkọ kọ́lọ́mù àkọ́kọ́ máa jáde bíi "ï..osu", àmì náà ló fà á. Lẹ́yìn náà, bi í pé àwọn wo ni kò lè di nọ́ńbà nínú kọ́lọ́mù iye, níbi tí òjò oṣù kọ̀ọ̀kan wà:

unique(ojo$iye[is.na(as.numeric(ojo$iye))])

Nínú àkọsílẹ̀ òjò tí a fọwọ́ tẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni "nil", "NIL", "TR", "-", àti nọ́ńbà tí ẹnì kan fi lẹ́tà O tẹ̀ dípò òdo, bíi "1O.4". Wọn kò jọ ara wọn rárá o! "Nil" túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ṣọ́ ohun ìwọ̀n òjò lọ wò ó, kò sì bá ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Òdo ni, òdo gidi. "TR" ni òjò tó kan wínní-wínní tí kò ṣeé wọ̀n, òdo náà ni a ń kà á sí nínú àpapọ̀. "1O.4", 10.4 ni, tún un kọ. "-" nìkan ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n lóṣù yẹn, òun nìkan ló yẹ kó di NA. Nígbà tí o gbá gbogbo wọn dànù pọ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé àwọn oṣù ọyẹ́ ni o gbá dànù, àwọn oṣù tí ọ̀run gbẹ táútáú. Bí o bá wá ṣírò àròpín òjò oṣù kìn-ín-ní lẹ́yìn ìyẹn, yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ yóò sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ọ̀kan tún wà tí kì í jẹ́ kí R kìlọ̀ rárá: -99.9. Àwọn kan máa ń fi í dípò oṣù tí wọn kò ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ni, nítorí náà ó máa ń wọlé láìsí wàhálà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀ mí wá nígbà kan ní Lágere, níhìn-ín ní Ifẹ̀, ó ti kọ orí kẹrin tán, ó sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òjò ń dín kù gan-an lágbègbè wa. Mo ní kó tẹ summary. Iye tó kéré jù lọ tó jáde jẹ́ -99.9 mìlímítà. Àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ni àlàfo pọ̀ sí, ìyẹn ló ń fa ìlà náà wálẹ̀. A sọ wọ́n di NA, ìdínkù náà sì pòórá. Ó dùn mí fún un, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ gidi, ọjọ́ tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ sì ti sún mọ́lé.

Ní ti ọjọ́, o ní "Jan-91" ni wọ́n kọ ọ́. Kò sí ọjọ́ kankan nínú ìyẹn, as.Date kò sì ní gbà á láìsí ọjọ́. Fi 01 síwájú rẹ̀:

ojo$osu <- sub("Sept-", "Sep-", ojo$osu)
ojo$osu <- as.Date(paste("01", ojo$osu), "%d %b-%y")

Má fo ìlà àkọ́kọ́ yẹn. Àwa níhìn-ín fẹ́ràn láti máa kọ "Sept", R kò sì mọ̀ ju "Sep" tàbí orúkọ oṣù náà lódidi lọ. Mo ti rí dátà tí gbogbo oṣù kẹsàn-án inú rẹ̀ di NA, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, àfi láti ọdún tí ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ títẹ̀ náà. Bí àkọsílẹ̀ rẹ bá sì ti wà ṣáájú 1969, nọ́ńbà ọdún oníméjì á tún dá wàhálà sílẹ̀: R máa ń ka 69 títí dé 99 mọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, ó sì ń ka 00 títí dé 68 mọ́ èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí. 1965 á di 2065.

Bó bá jẹ́ dátà ojoojúmọ́ ni, bíi 03/04/1998, kọ "%d/%m/%Y" fún un, kí Y náà jẹ́ lẹ́tà ńlá. Bí o bá kọ y kékeré, á mú 19 nìkan, á sọ ọ́ di 2019, kò sì ní bá ọ jiyàn. Bí o kò bá kọ ohunkóhun, á ka 03 sí ọdún, ìwọ á sì rí 0003-04-19. Má sì ṣe máa tẹ CSV lẹ́ẹ̀mejì kí Excel ṣí i, kí o sì tún fi í pamọ́. Excel tí a tò bí ti Amẹ́ríkà gbà pé oṣù ló ń ṣáájú, nítorí náà ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ọjọ́ 25 oṣù kẹrin á wà bó ṣe wà nítorí kò sí oṣù 25. Ìdajì yí, ìdajì kò yí, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo mọ̀, èyí ni mo bẹ̀rù jù, torí bó bá ti ṣẹlẹ̀, ó ṣòro láti tún un ṣe láìpadà sí fáìlì àtilẹ̀wá. Notepad ni kí o máa fi ṣí i bí o bá fẹ́ wò ó.

Lẹ́yìn tí iye àti oṣù bá ti tọ́, to oṣù 360 náà sílẹ̀ fúnra rẹ, kí o sì da dátà rẹ lé e lórí:

gbogbo <- data.frame(osu = seq(as.Date("1991-01-01"), by = "month", length.out = 360))
ojo <- merge(gbogbo, ojo, all.x = TRUE)
ojo_ts <- ts(as.numeric(ojo$iye), start = c(1991, 1), frequency = 12)

Bí nrow(ojo), ìyẹn iye ìlà rẹ̀, bá ju 360 lọ, wọ́n ti tẹ oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù tí kò ní àkọsílẹ̀ á jẹ́ NA ní àyè rẹ̀, kò sì yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Àṣẹ arima, tí a fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, máa ń gba NA bẹ́ẹ̀. Stl, tí a fi ń ya àyípadà oṣooṣù sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọdún pípẹ́, ni kì í gbà á.

Bí ẹlòmíràn bá fún ọ ní tábìlì tí ọdún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí oṣù méjìlá sì tò sókè, má lo unlist lórí rẹ̀. Òkè sí ìsàlẹ̀ ni R ń kà á, gbogbo oṣù kìn-ín-ní ọgbọ̀n ọdún á tò tẹ̀ léra kó tó kan oṣù kejì. Yí i pọ̀ ná:

as.vector(t(as.matrix(tabili[, -1])))

Níkẹyìn, ya èyí, àwòrán tí yóò fi òjò oṣù kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

boxplot(ojo_ts ~ cycle(ojo_ts))

Ìwọ tí o dàgbà ní Ifẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó jáde. Oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Àkọ́rọ̀ òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti nǹkan bí oṣù kẹta, á pọ̀ ní oṣù kẹfà àti keje, á fà sẹ́yìn díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún dé kíkankíkan ní oṣù kẹsàn-án, kó tó máa dá lẹ́yìn oṣù kẹwàá. Bí àwòrán rẹ kò bá jọ èyí, dátà ló ṣì bàjẹ́, kì í ṣe ojú ọjọ́ ló yí padà.

Bó bá ṣì ń dà ọ́ láàmú, fi ohun tí àwọn mẹ́ta yìí bá gbé jáde ránṣẹ́ sí mi, kí o má fọwọ́ tún wọn kọ:

readLines("ojo_ife.csv", n = 6)
str(ojo)
summary(as.numeric(ojo$iye))