Ọwọ́ ń ta màmá mi nígbà tí wọ́n ń gba kímò: ṣé kí wọ́n máa mú un mọ́ra?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Màmá mi ń gba kímò (oògùn tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ) nítorí jẹjẹrẹ ọmú, oògùn náà sì pupa bí omi zobo. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á kẹ́yìn, ojú abẹ́rẹ́ ń ta wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ kí wọ́n má bàa yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò yẹ rárá. Oògùn pupa yẹn jọ doxorubicin, ọ̀kan lára àwọn oògùn kímò, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sì yẹ kó wà. Bí ó bá jò sábẹ́ awọ, ó lè jẹ ẹran ibẹ̀ títí yóò fi di egbò tí kì í tètè jinná, tó tilẹ̀ lè gba iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fa sírínjì sẹ́yìn díẹ̀ kí a tó ti oògùn náà, tí a sì tún ń fà á bí a ṣe ń tì í lọ, kí a lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń wá. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè wá kí oògùn sì máa jò, ẹni tó ni ọwọ́ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ìyá wa a máa sọ pé, “Ó kàn ń ta díẹ̀ ni, ọmọ mi, máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí pé díẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Bí wọ́n bá sọ ọ́, nọ́ọ̀sì yóò dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tíì yọ káńúlà (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú iṣan), nítorí ibẹ̀ ni yóò gbà fa èyí tó bá ṣeé fà padà. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ohun tútù lé e. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o nílé, ẹ má sì fi ìpara ra á.

Ẹ yẹ ọwọ́ náà wò lónìí. Bí ó bá pupa, bí ó wú, bí ó lé ròrò tàbí tó ṣì ń dùn wọ́n, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn láìdúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn, nítorí ìpalára rẹ̀ lè pẹ́ kó tó hàn. Ti ìtọ̀ tó bá pupa fún ọjọ́ kan sí méjì, àwọ̀ oògùn náà ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó wá iṣan, kí ẹ sì jókòó ti màmá, kí ìborùn wọn má bo ojú abẹ́rẹ́.