Ibi tí òtapíápíá ti ń mú ènìyàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní alájọgbé yín ní Òkè-Àdó fọ́n òtapíápíá sí yàrá, ọmọ rẹ̀ wá ń da itọ́, ó ń làágùn, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ béèrè pé ṣé kì í ṣe kòkòrò nìkan ló wà fún ni. Rárá o. Ohun tó ń bàjẹ́ lára kòkòrò, àwa náà ní in.

Iná, bíi ti mànàmáná, ló ń sáré nínú nẹ́ẹ̀fù, okùn tó ń gbé iṣẹ́ káàkiri ara, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀fù kò fara kan iṣan, ẹran ara tó ń fà. Àlàfo kan wà láàárín wọn tí iná ò lè fò. Bí iná bá dé etí rẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù á wọlé, àwọn àpò wínníwínní ibẹ̀ á tú acetylcholine, kẹ́míkà tó ń jẹ́ iṣẹ́ nẹ́ẹ̀fù fún iṣan, sínú àlàfo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ láti inú àpò kan ṣoṣo. Ìyẹn á lọ kan iṣan lára, iṣan á sì fà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tá a jẹ́ gbọ́dọ̀ tán. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà ara tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá, wà níbẹ̀ bí agbálẹ̀ ọjà, acetylcholinesterase lorúkọ rẹ̀. Kíá ló ń gé acetylcholine sí méjì, nẹ́ẹ̀fù á sì fa choline inú rẹ̀ padà láti fi ṣe tuntun. Òtapíápíá, ìyẹn dichlorvos, ló ń lẹ̀ mọ́ agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́. Iṣẹ́ ò wá tán mọ́: itọ́ ń dà, ọmọlójú sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, iṣan ń jó títí yóò fi dákẹ́. Iṣan tá a fi ń mí wà lára wọn. (Èsẹ̀ré, ẹ̀wà Kàlàbá, ibẹ̀ náà lòun ń mú, àmọ́ òun máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.)

Ẹ gbé ọmọ síta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn UCH pẹ̀lú ìgò òtapíápíá náà. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má mú un bì. Èébì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Atropine, oògùn tí wọ́n máa gún un, á gbẹ itọ́ àti omi ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n kò tú agbálẹ̀ sílẹ̀, kò sì kan iṣan apá àti ti èémí. Oògùn mìíràn, pralidoxime, ló lè tú u, kí òtapíápíá tó lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, wákàtí díẹ̀ sì ni àǹfààní yẹn fi wà. Nítorí náà, bí itọ́ bá gbẹ, ẹ má tíì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ sílé: iṣan ọrùn àti ti èémí ṣì lè rọ láàárín ọjọ́ 1 sí 4.