Zorki-4 bàbá mi ń ya fótò pẹ̀lú àmì funfun, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Bàbá mi lọ kàwé ní Moscow láyé ọjọ́un, kámẹ́rà Zorki-4 kan ni wọ́n mú bọ̀, inú àpótí ló wà látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ra fíìmù 400 sí i, mo yà á tán, mo gbé e lọ fọ̀. Nínú 36, ọ̀pọ̀ ní àmì funfun róbótó-róbótó lójú kan náà, àwọn mìíràn dúdú lápá kan, mẹ́ta wá dúdú kirikiri. Ṣé ó ti kú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá o. Kò tíì kú rárá, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn tó dúdú kirikiri kúrò nílẹ̀. Ọmọrí lẹ́ńsì lẹ ò ṣí. Zorki kì í ṣe irú kámẹ́rà tá a ń gba inú lẹ́ńsì wòran, ihò tá a fi ń wo ẹni tá a fẹ́ yà wà lókè lọ́tọ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá dé lẹ́ńsì pa ẹ ṣì máa ríran kedere, ẹ ó tẹ bọ́tìnì, á dún, fíìmù ò ní rí nǹkan kan.

Àwọn àmì funfun yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Aṣọ ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù, ti lu nìyẹn. Aṣọ dúdú méjì tí wọ́n fi rọ́bà kùn ló ń dí fíìmù, kò sì sí dígí ìwojú kankan láàárín wọn àti lẹ́ńsì, oòrùn tó bá gba lẹ́ńsì wọlé orí aṣọ yẹn ló ń bà lé tààrà. Ṣẹ́ ẹ rántí bá a ṣe máa ń fi dígí kó oòrùn jọ sórí bébà nígbà tá a wà lọ́mọdé títí bébà á fi jó? Ohun tí lẹ́ńsì ń ṣe fún aṣọ ṣọ́tà gan-an nìyẹn tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sínú oòrùn láìdé e. Rọ́bà náà sì ń gbó fúnra ẹ̀, á gbẹ, á máa sán.

Lálẹ́, ẹ pa iná yàrá, ẹ yí lẹ́ńsì kúrò, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà (kí fíìmù má sí nínú ẹ̀ o), ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú kẹ́ ẹ máa wò ó láti ẹ̀yìn. Tó bá ti lu, ẹ ó rí i bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: tẹ́ ẹ bá ti wáíǹdì, aṣọ kìn-ín-ní lẹ ń wò yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì tán, aṣọ kejì ló kù lójú ibẹ̀. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, pẹ́ńtì dúdú tí wọ́n fi ń kun aṣọ lẹ máa fi dí i, ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kútẹ́ẹ̀sì ṣe é, ó máa ń le gbagidi, á sì tún sán pa dà. Tí ihò bá pọ̀ jù, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó pààrọ̀ aṣọ méjèèjì. Wọ́n ṣe Zorki-4 tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ní Krasnogorsk lẹ́bàá Moscow láàárín 1956 sí 1973, ẹ̀yà ara ẹ̀ ò tíì wọ́n.

Èyí tó dúdú lápá kan ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, aṣọ kìn-ín-ní á sáré lọ, èkejì á tẹ̀ lé e, àlàfo àárín wọn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Tó bá jẹ́ spíìdì 1/500 tàbí 1/1000 (ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tàbí ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), àlàfo yẹn tín-ínrín gan-an, gírísì àtijọ́ tó ti dì sì ń fa aṣọ kìn-ín-ní sẹ́yìn, èkejì á wá lé e bá lọ́nà, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ló ń dúdú yẹn. Ẹ má fín ọ́ìlì kankan sí i o! Fíìmù 400 tẹ́ ẹ rà, tó máa ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ ju fíìmù 100 lọ, ló tì yín débẹ̀, torí nínú oòrùn ọ̀sán gangan f/16 (bí ihò inú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) pẹ̀lú 1/500 ló máa gbà. Ẹ ra fíìmù 100, ẹ lo f/16 pẹ̀lú 1/125, ẹ ó rí i pé á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má gbàgbé, torí ohun tó ń ba Zorki-4 jẹ́ jù nìyẹn. Ẹ wáíǹdì kẹ́ ẹ tó yí spíìdì, ẹ ò gbọdọ̀ yí i kẹ́ ẹ tó wáíǹdì láéláé. Bọ́tìnì spíìdì yẹn ń yí bí ṣọ́tà ṣe ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá yí i ṣáájú, nọ́mbà tẹ́ ẹ rí kọ́ ló máa lò, ó sì lè ṣẹ́ jíà inú ẹ̀, pàápàá láàárín 1 sí 1/30. Tẹ́ ẹ bá ti wáíǹdì tán, ẹ gbé bọ́tìnì spíìdì yẹn sókè díẹ̀, ẹ yí i, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Tó bá jẹ́ Jupiter-8 ni lẹ́ńsì iwájú ẹ̀, ẹ wo nọ́mbà tí wọ́n fín síbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ fi wé ọdún tí bàbá wà ní Moscow, ẹ ó mọ̀ bóyá tuntun ni wọ́n rà á.