Eré di ìlọ́po méjì, kí ló dé tí àyè bíréèkì fi di ìlọ́po mẹ́rin?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀sì ni mo fi ń ná Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bí mo bá ń sá 50 nínú ìlú tí mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á dúró níbi tí mo fẹ́. Mo wá rò pé bí mo bá ń sá 100 lójú ọ̀nà, ìlọ́po méjì àyè yẹn yóò tó mi. Kò tó rárá, díẹ̀ ló kù kí n wọ ìdí tírélà. Mẹkáníìkì tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní bíréèkì kò ní nǹkan kan. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ní físíìsì ni, ó tún ní wọ́n kọ́ àwọn pé ẹrù kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ọkọ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dúró. Èmi tí mò ń gbé èrò kò gbà. Bákan náà, tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, bíréèkì a máa rùn, yóò sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ bá wa là á yé.
*Awakọ̀, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Mẹkáníìkì yín kò purọ́, ọmọ yín náà kò sì purọ́ tán. Ìlọ́po méjì tí ẹ rò yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, àyè tí bíréèkì yóò gbà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ká tó ṣírò, ọ̀rọ̀ méjì wà tí a ní láti yà sọ́tọ̀, torí èdè wa máa ń dà wọ́n pọ̀. Agbára la ń pe gbogbo rẹ̀: èyí tí a fi ń ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà, èyí tó wà nínú epo, èyí tó wà lára ẹ́ńjìnì. Nínú físíìsì, títì tàbí fífà ni ipá, newton la fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó wà nínú epo, tó tún wà lára ọkọ̀ tó ń sáré, òun ni agbára, joule la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀ tí ẹ ń tì, ipá yín ti tán nìyẹn. Agbára ní tirẹ̀ kì í tán, ilé ló kàn ń pààrọ̀. Bíréèkì kò lè pa agbára tó wà lára ọkọ̀ run. Kò mọ̀ ju kó sọ ọ́ di ooru lọ.

Ó yá. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; 100 jẹ́ mítà 28. Lórí títì gbígbẹ, tí táyà ṣì ní ojú dáadáa, bíréèkì tó pé lè máa yọ mítà 7 kúrò nínú eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń sá 14 yóò dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹni tó ń sá 28, ìṣẹ́jú àáyá 4. Títí dé ibí, ìlọ́po méjì náà ni, bí ẹ ṣe rò ó. Ẹ wá wo eré tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sá lọ́wọ́ láàárín àsìkò yẹn. Ti àkọ́kọ́ ń já bọ̀ láti 14 sí òdo, àárín rẹ̀ sì ni 7. 7 lọ́nà 2 jẹ́ mítà 14. Ti ìkejì ń já bọ̀ láti 28 sí òdo, àárín rẹ̀ ni 14. 14 lọ́nà 4 jẹ́ mítà 56. Àsìkò di ìlọ́po méjì, eré inú àsìkò náà di ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni mẹ́rin ti wá.

Ohun kan fara pamọ́ sínú mítà 56 yẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fura sí. Mítà 42 àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ fi ń ti 100 bọ́ sí 50. Mítà 14 tó kù ló fi ń ti 50 dé òdo. Bí ìdí tírélà bá wà ní mítà 42 sí ibi tí bíréèkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, 50 gbáko lẹ máa fi gbá a, bó ti wù kí ẹ tẹ bíréèkì tó.

A kò tíì ka ti ojú àti ẹsẹ̀ o. Láti ìgbà tí iná ẹ̀yìn tírélà bá pọ́n títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ kúrò lórí throttle tó bọ́ sórí bíréèkì, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ọkọ̀ kò dín eré kù rárá láàárín ìyẹn: mítà 21 ti lọ ní 50, mítà 42 ti lọ ní 100. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ mítà 35 fún 50, àti mítà 98 fún 100, èyí tó kù díẹ̀ kó tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ tún wò ó báyìí: níbi tí ẹni tó ń sá 50 ti dúró pátápátá, ẹni tó ń sá 100 kò tíì fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Bí òjò bá rọ̀, tí ìdìmú táyà wá já sí ìdajì, mítà 98 yẹn yóò di 154. Táyà tó ti pá kò tilẹ̀ ní í fún yín ní ìdajì yẹn.

Ọ̀nà kejì tún wà tí a lè gbà débẹ̀, nípasẹ̀ agbára. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀sì yín pẹ̀lú èrò sí kìlógíráàmù 3,000. Agbára tó wà lára rẹ̀ ni ìdajì 3,000, lọ́nà eré, lọ́nà eré lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eré wọ inú ìṣirò náà. Ní 50, joule 294,000 ni. Ní 100, ó di 1,176,000. Kó lè hàn kedere: joule 157,500 tó láti mú omi inú ọ̀rá pure water kan, èyí tó gba ìdajì lítà, láti orí 25°C dé orí híhó. Ìdúró kan láti 50 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọ̀rá méjì hó. Ìdúró kan láti 100, ọ̀rá méje àbọ̀. Gbogbo ooru yẹn, ara irin bíréèkì àti páàdì ló ń bọ́ sí.

Ní àwọn ọdún 1720, ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Willem 's Gravesande ju bọ́ọ̀lù idẹ sínú amọ̀ rírọ̀. Èyí tó fi ìlọ́po méjì eré balẹ̀ gbẹ́ kòtò tó jìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyé nígbà náà, ìṣirò kan náà ni.

Ó wá kan ẹjọ́ ẹ̀yin àtọmọ yín. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nípa friction, ìyẹn ìdìmú, bẹ́ẹ̀ ló rí: bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ló ṣe ń tẹ táyà mọ́ títì tó, ìdìmú á sì pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà. Ibi tí ìdìmú táyà lè dá ọkọ̀ dúró dé kò yí padà. Ṣùgbọ́n bíréèkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè lo gbogbo ìdìmú yẹn tán ná. Bọ́ọ̀sì òfìfo tó jẹ́ kìlógíráàmù 2,000 ń fẹ́ ipá newton 14,000 kó tó lè máa yọ mítà 7 yẹn. Tí èrò bá kún un tó di 3,000, newton 21,000 ló ń fẹ́. Ẹsẹ̀ yín ti mọ ti òfìfo lára. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lófìfo, mítà 56 yóò di 84. Tí ẹrù bá wá kọjá ohun tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fún, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tí yóò tó. Ọmọ yín jàre nínú ìwé, ẹ̀yin náà jàre lójú títì.

Ti òkè ló le jù. Ká ní ìsọ̀kalẹ̀ kan ga tó mítà 100, bí ẹni ti orí Cocoa House ní Dùgbẹ̀ dé ilẹ̀. Òòfà ilẹ̀ yóò kó joule 3,000,000 lé bọ́ọ̀sì yín lórí kó tó dé ìsàlẹ̀: ọ̀rá omi mọ́kàndínlógún. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì nìkan ni yóò gbà á, kò sì ní ráyè tutù. Òórùn yẹn, páàdì tó ń jóná ni. Rírọ̀ tó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ burú ju òórùn lọ: ọ́ìlì bíréèkì ló ń hó. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, àmọ́ ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti fa omi tó, ó lè hó ní 140. Bó bá hó, omi inú rẹ̀ á di gáàsì, gáàsì sì ṣe é fún pọ̀. Ẹsẹ̀ yín á wá máa tẹ tìmùtìmù, ipá kò ní dé ọ̀dọ̀ páàdì. Ní ti yín, mo fura pé ọ́ìlì náà ti pẹ́. Ẹ fà á dànù kí ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ má bu omi tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lé e. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì máa ń mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú.

Kí ẹ tó wọ ìsọ̀kalẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì wà lókè, ẹ dín eré kù kí ẹ já gíà sí 2 tàbí 3. Ẹ́ńjìnì yóò bá yín gbé lára ẹrù náà. Tí eré bá tún fẹ́ pọ̀ jù, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn, dípò kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ pa á lára lọ. Ẹ má fi gíà sí free. Ẹni tó ní òun ń fi free tọ́jú epo ń tan ara rẹ̀ jẹ: ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ìgbà yìí máa ń dá epo dúró fúnra wọn bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú gíà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí throttle.

Bí bíréèkì bá ti rọ̀ láàárín òkè, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, ẹ máa já gíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà, táyà ẹ̀yìn á há, ìdí ọkọ̀ á sì yí. Tí ẹ bá ti dúró, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ńdọ̀ da omi lé e. Irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè wọ́ tàbí kó sán.