Etí mi ń hó lálẹ́, oorun ò kùn mí: kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sùn sínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ gan-an ló ń jẹ́ kí híhó yẹn ròkè létí yín. Ẹ tan fáànù, tàbí kí ẹ fi ohùn òjò sórí fóònù, kí ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí ìrọ̀rí. Ẹ yí i wálẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ òjò àti híhó náà pa pọ̀. Bí òjò bá bo híhó mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ti pọ̀ jù, híhó náà ò sì ní mọ́ ọpọlọ yín lára. Ẹ tọ́jú ohùn náà sórí fóònù o: bí iná bá lọ lóru tí fáànù dúró, ìdákẹ́jẹ́ òjijì yẹn lè jí yín.

Ẹ má fi òwú dí etí, ṣe ló máa dà bíi pé ó ń hó sí i. Òróró gbígbóná ńkọ́? Rárá. Cotton bud náà, ìdọ̀tí etí ló ń tì wọnú.

Bí oorun ò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ dìde, ẹ jókòó níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ẹ padà nígbà tó bá ń kùn yín. Aago kan náà ni kí ẹ máa jí lójoojúmọ́.

Quinine, aspirin tó pọ̀ àti abẹ́rẹ́ gentamicin lè fa híhó etí. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó dá oògùn kankan dúró.

Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí tó ń lù bí ọkàn yín ṣe ń lù, ẹ lọ rí dókítà etí. Bí etí bá dédé di tí ẹ ò gbọ́ràn mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.