Ayọ̀ ò pe ara rẹ̀ lóbìnrin: ṣé kó gba fọ́ọ̀mù ìdíje àwọn obìnrin?

Ẹ̀yin òbí, ẹ kúulé o. Ọmọ mi Ayọ̀, ọmọ 20 ọdún, ń kọ ìtàn àròsọ. Obìnrin la kọ sí ìwé ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tó ti ní òun kì í ṣe obìnrin, òun kì í ṣe ọkùnrin. Nonbinary ni wọ́n ń pè é níbí ní England. Olùkọ́ rẹ̀ fi ìdíje kan hàn án tó wà fún àwọn òǹkọ̀wé obìnrin. Mo ní kó tètè fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní irọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní bó bá gbégbá orókè, wọ́n á ní ó gba ipò obìnrin. Kí la máa ṣe?
Bàbá Ayọ̀

Bàbá Ayọ̀, ẹ kú wàhálà ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọ́bí mi, ayàwòrán ni, Kánádà la wà.

Ẹ fi orúkọ ìdíje sílẹ̀, ẹ wo òfin rẹ̀. Carol Shields Prize níbí, tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 150,000 dọ́là Amẹ́ríkà, kọ ọ́ gbangba pé obìnrin àti nonbinary lòun wà fún. Stella Prize ti Ọsirélíà náà gbà wọ́n. Lọ́dọ̀ yín, Women's Prize for Fiction fi ìwé Akwaeke Emezi, ọmọ Nàìjíríà tí kì í pe ara rẹ̀ lóbìnrin, sínú àkójọ rẹ̀ ní 2019. Ní 2020, nígbà tó kan ìwé mìíràn, Emezi sọ pé wọ́n ń béèrè ohun tí òfin pe òun, ó sì ní òun ò fi ìwé ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́.

Níbí, a lè kọ X dípò ọkùnrin tàbí obìnrin sí pásípọ́ọ̀tù láti 2019. Lọ́dọ̀ yín, kò sí i. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní bí wọ́n ṣe bí èèyàn ni "obìnrin" ń tọ́ka sí nínú òfin ìdọ́gba ti 2010. Ìwé ìbí Ayọ̀ lè gbà á wọlé, kí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ohun tó ń pè ní irọ́ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi kọ fọ́ọ̀mù kan tán, ó ku àpótí kékeré kan: "Mo jẹ́rìí pé obìnrin ni mí." Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́ jàre, ta ló máa mọ̀?" Ó wò mí, ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi àwòrán kankan hàn mí. Nígbà tó tún kan òmíràn, ímeèlì ló kọ́kọ́ kọ: "Nonbinary ni mí, ṣé ẹ gbà mí? Kí lẹ máa pè mí tẹ́ ẹ bá gbé orúkọ mi jáde?" Wọ́n ní kó máa bọ̀. Ibòmíràn ní rárá, kò sì bá wọn jà.

(Èdè wa ò kúkú ní wàhálà yìí, "ó" ni gbogbo wa. Ìgbà tí wọ́n ní ká máa pè é ní "they", ìyá mi ní ṣé òun á wá máa pe ọmọ-ọmọ òun ní "wọ́n" bí àgbà ni?)

Ẹ̀rù ìyá Ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Torí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin ni irú ìdíje yìí ṣe wà; ní 1991, ọkùnrin ni gbogbo àwọn òǹkọ̀wé mẹ́fà tí Booker, ìdíje ìwé ńlá lọ́dọ̀ yín, yàn kẹ́yìn, ìyẹn wà lára ohun tó bí Women's Prize. Ṣùgbọ́n bí onílé bá mọ ẹni tí Ayọ̀ jẹ́, tó ní kó wọlé, ipò ta ló gbà?

Ẹ jẹ́ kó kọ ímeèlì náà fúnra rẹ̀. Ẹ bá a wo àṣìkọ nìkan, bó bá ní kẹ́ ẹ wò ó.