Nọ́ńbà tó yàtọ̀ kò ní kí wọ́n ti gé fídíò yín

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ya fídíò ìgbéyàwó wa fún wa ní fáìlì MP4 nínú fíláàṣì. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gígùn wọn dọ́gba, ìwọ̀n wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi sha256sum (àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń ka gbogbo fáìlì, tó sì ń fún un ní nọ́ńbà ìdámọ̀) wò wọ́n, nọ́ńbà wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹnìkan ní wọ́n ti gé nínú rẹ̀ nìyẹn, pé kí n mú 15,000 náírà wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ sì ń bí mi nínú.

Ẹ ò bi sha256sum bóyá àwòrán yàtọ̀. Ohun tí ẹ bi í ni bóyá fáìlì méjèèjì bára mu láti báìtì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó ní rárá. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ ibi tí ìyàtọ̀ wà.

Ẹ rántí kúlà ìrẹsì ọjọ́ ìnáwó yín. Bí alásè bá da ìrẹsì láti inú kúlà pupa sí kúlà búlúù, ìrẹsì ò yí padà. Sha256sum ń ka kúlà mọ́ ìrẹsì. MP4 ni kúlà yín. Yàtọ̀ sí àwòrán àti ohùn, àkọlé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀, moov náà wà níbẹ̀, ìyẹn tábìlì tó ń sọ ibi tí férémù kọ̀ọ̀kan (àwọn àwòrán tó tò tẹ̀ léra di fídíò) wà. Ìparí fáìlì ni moov sábà máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fi faststart, ètò kan nínú ffmpeg tí a máa lò nísàlẹ̀, gbé e wá síwájú, kí ó lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìwọ̀n fáìlì lè má yí, àwòrán ò yí, síbẹ̀ nọ́ńbà á yàtọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí "pátápátá" yẹn bà yín lẹ́rù: lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àkọlé tó láti da gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí sha256sum fún yín rú, bí wọ́n ṣe dìídì ṣe é nìyẹn. (Orúkọ tí ẹ sọ fáìlì kọ́ o. Ìyẹn kò sí nínú kúlà.)

Ìrẹsì nìkan ni kí ẹ wọ̀n. Ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ fídíò, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Á fún yín ní MD5, nọ́ńbà ìdámọ̀ bíi ti sha256sum, fún àwòrán nìkan:

ffmpeg -i fidio1.mp4 -map 0:v -c copy -f md5 -

Ẹ má gbàgbé dáàṣì ìparí. Ẹ ṣe fidio2 bákan náà, kí ẹ wá fi 0:a rọ́pò 0:v fún ohùn. Bí MD5 méjèèjì bá bára mu, férémù kan ò dín.

Bí kò bá bára mu:

ffmpeg -i fidio1.mp4 -map 0:v -c copy -f framemd5 1.txt
cut -d, -f6 1.txt > a.txt

Ẹ ṣe ti ìkejì sínú b.txt, kí ẹ wá fi diff, àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ fáìlì méjì hàn, wo méjèèjì. Férémù kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀, nítorí náà ibi tí wọ́n bá ti gé e á hàn kedere. Cut ń yọ àkókò kúrò, torí bí wọ́n bá gé ìṣẹ́jú kan láàárín, àkókò gbogbo èyí tó kù á ti sún.

Bí gbogbo ìlà bá yàtọ̀, wọ́n ti tún un fún pọ̀ nìyẹn, bí WhatsApp ṣe máa ń ṣe. MD5 ò wúlò mọ́ níbẹ̀. Ẹ lè lo ssim nínú ffmpeg, tó ń wọn bí àwòrán méjì ṣe jọra tó (1 ni ó máa fún àwòrán tó bára mu délẹ̀), ṣùgbọ́n férémù kan tó bá ṣáájú ìkejì lè já nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ lásán. Ojú yín ló máa parí rẹ̀.

Mi ò tíì rí fáìlì yín o, nítorí náà mi ò lè búra fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá máa dé kóòtù, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó, ẹ̀dà ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sì bi lọ́yà nípa abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ti Nàìjíríà, èyí tó dá lórí ẹ̀rí tó wá láti inú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá tíì débẹ̀, ẹ pe ẹni tó ya fídíò, kí ẹ bi í bóyá ó tún un gbé jáde kó tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.